Mọ́nítọ̀ 4K lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì gíráfíìsì: èwo ló bá iṣẹ́ ọ́fíìsì yín mu?

Àmì kékeré abẹ́ ọ ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Mayfair níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí n tún un kà, kí n sì tò ó kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń di ìwé. Ti Gẹ̀ẹ́sì kì í yọ mí lẹ́nu. Ti Yorùbá ló lẹ́jọ́. Láptọ̀ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí mò ń lò, ojú rẹ̀ ò ju 1366 × 768 lọ. Bí lẹ́tà bá ti kéré díẹ̀, àmì abẹ́ ọ á lẹ̀ mọ́ ọn lára, àmì orí ẹ á dà bí èérí. Lọ́dún tó kọjá, bọ̀ọ̀dá kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà wá bá mi, alábòójútó rẹ̀ ti fi bírò pupa yí gbólóhùn kan po. Mo ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé bàbá àgbẹ̀ náà jí ní kùtùkùtù, ó sì lọ sí ọkọ. Bàbá àgbẹ̀! A jọ rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni mo tún ojú ewé náà tẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá ra mọ́nítọ̀ 4K. Ẹnikẹ́ni tí mo bá sì bi, ohun kan náà ló ń sọ: "Ẹ̀rọ yín ò ní káàdì gíráfíìsì, kò lè gbé e." Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ lè má mọ̀ pé irọ́ ni. Gíráfíìsì àbínibí, ìyẹn èyí tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí kò ní káàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ń gbé 4K fún Word, Excel, PDF àti Chrome láìlàágùn, bó bá ti jẹ́ ti Intel láti 2015 síwájú tàbí ti AMD Ryzen láti 2018. Níbi tí iṣẹ́ náà ti sábà ń dẹnu kọlẹ̀, ihò tí wọ́n ki wáyà bọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ẹrù náà. Ojú 4K jẹ́ 3840 × 2160, àmì ìmọ́lẹ̀ wínníwínní tí wọ́n ń pè ní pixel tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 8,294,400. Ìlọ́po mẹ́rin mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ojú láptọ̀ọ̀pù mi. Àwòrán kan tó kún ojú náà jẹ́ nǹkan bí 33MB. Tí ẹ bá ń fi ọgọ́ta irú rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò ju nǹkan bí 2GB lọ. RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) DDR4-2133 kan ṣoṣo, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù 2016, ń gbé nǹkan bí 17GB láàárín àkókò kan náà. Ẹ ò rí i pé ẹrù náà ò wúwo tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò fi agbára gíráfíìsì ṣáájú nínú ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n. Mo kọ́kọ́ ń wo iye ìgbà tí àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń fi Hz kọ. Ní 60 Hz, máòsì ń bá ọwọ́ rìn. Ní 30 Hz, ó ń wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń wo ihò tó wà lára ẹ̀rọ, RAM, iná tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ, àti owó, títí kan ọ̀rọ̀ pé ṣé ẹ lè rí wáyà rẹ̀ rà nítòsí. Mi ò kọ iye náírà síbí o. Iye tí wọ́n dá lé ọjà láàárọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, lè yí kó tó di ìrọ̀lẹ́, ká má tíì wá sọ iye tí yóò jẹ́ kó tó dé Sábó.

Ẹ̀rọ tí HDMI àtijọ́ nìkan wà lára rẹ̀

Ibí ni èmi ti kọsẹ̀. Ẹni tó ta mọ́nítọ̀ fún mi, íǹṣì 27, fi wáyà HDMI kan sínú páálí. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ojú mọ́nítọ̀ là, ojú tèmi náà là. Àmì abẹ́ ẹ dúró gbọin. Ẹ̀ àti é, mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn àga. Àfi ìgbà tí mo gbá máòsì mú. Ó ń fà bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà, lẹ́tà ò tètè yọ. Mo fẹ́ yí iṣẹ́ olójú-ewé ọ̀ọ́dúnrún láti òkè dé ìsàlẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi kí n tó dé orí kejì.

Mo pe ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì jókòó tán tó fi sọ pé gíráfíìsì mi ò lágbára, pé kí n ra láptọ̀ọ̀pù mìíràn, òun sì ní ọ̀kan nílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n san owó àsansílẹ̀.

Ohun tó gbà mí kò ju pé mo fi máòsì tẹ ibi òfìfo lórí ojú kọ̀ǹpútà, ní apá ọ̀tún máòsì, mo wọ Display settings, mo wọ Advanced display. Níbẹ̀ ni mo ti rí i: 30 Hz. HDMI 1.4, tó jáde ní 2009, kò lè fi 4K kọjá ju 30 Hz lọ, ì báà jẹ́ gíráfíìsì tó lágbára jù láyé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. HDMI 2.0, tó ń gbé e ní 60 Hz, jáde ní 2013. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọdún láptọ̀ọ̀pù tan ara yín. Intel HD Graphics 520 ti 2015, àti HD 620 tó tẹ̀lé e, HDMI 1.4 ló bá wọn wá. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ 2.0 gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà kékeré kan kún un nínú, ọ̀pọ̀ ni kò sì fi í sí i.

Ta ni irú èyí lè tẹ́ lọ́rùn? Ẹni tó jẹ́ pé kíkà ló ń kà ju títẹ̀ lọ: ẹni tó ń wo ìwé ìṣirò tí kò kúrò lójú kan, tàbí tó gbé PDF dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò ó kọ. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ lẹ́yìn mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, wáyà HDMI sì wà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ta ṣájà fóònù. Àwọn kan á ní kí ẹ dín in kù sí 2560 × 1440 kó lè dé 60 Hz. Yóò dé e, ṣùgbọ́n lẹ́tà á fẹ́ díẹ̀ lẹ́tìí, nítorí pé pixel kan kò tún bọ́ sórí pixel kan mọ́. Tí ẹ bá dín in dé 1920 × 1080, á gún, àmọ́ kí lẹ wá fi 4K ṣe?

Ẹ̀rọ kan náà, ihò mìíràn

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ̀ọ̀pù mi ni ihò kékeré kan wà tí n kò fi nǹkan kan sí rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Eruku ti kún inú rẹ̀. Mini DisplayPort ni, ihò àwòrán bíi HDMI. DisplayPort 1.2 ń gbé 4K ní 60 Hz, HD 520 inú ẹ̀rọ mi sì ti ní agbára rẹ̀ látilẹ̀. Mo wá wáyà rẹ̀ káàkiri Ifẹ̀, n kò rí i. Àbúrò mi tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló bá mi rà á wá. Mo fẹ́ eruku kúrò, mo ki í bọ̀ ọ́, mo padà sí Advanced display: 60 Hz. Láptọ̀ọ̀pù kan náà, gíráfíìsì kan náà, mọ́nítọ̀ kan náà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣì ń bi mí títí dòní pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀ wá gbé láptọ̀ọ̀pù òun.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń fi wéra níbí, èyí ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún. Lára àwọn tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro, HP EliteBook 840 G3 ní DisplayPort ńlá, kò sì ní HDMI rárá. Àwọn èèyàn máa ń tìtorí ìyẹn fojú pa á rẹ́, wọn ò mọ̀ pé ihò tí wọ́n ń bú yẹn gan-an ló dára jù fún 4K. Lenovo ThinkPad T480 ní HDMI, àmọ́ 1.4 ni, USB-C rẹ̀ ni kí ẹ lò, òun ló ń gbé 60 Hz. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì irú Dell OptiPlex àti HP EliteDesk sábà máa ń ní DisplayPort lẹ́yìn, nígbà tí olówó wọn ń fi VGA, ihò àwòrán àtijọ́, bá ayé jà. VGA ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ẹ gbé e tì.

Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀. Gbogbo USB-C kọ́ ló ń gbé àwòrán. Òmíràn ò ju pé kó gba fáìlì tàbí iná lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà: tí ẹ bá rí D tí P wà nínú rẹ̀, tàbí àmì mànàmáná ti Thunderbolt, àwòrán á kọjá. Tí kò bá sí àmì kankan, ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Èkejì ni ti ìbọ̀dè kékeré tó ń sọ DisplayPort di HDMI. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, tó sì rọjú, ni passive, kò sì lè gbé 4K dé 60 Hz. Ẹ bèèrè èyí tó jẹ́ active, kí wọ́n sì kọ 4K 60Hz sí i lára. Wáyà tó jẹ́ DisplayPort lápá méjèèjì ló gbàyì jù, torí kò sí ìbọ̀dè láàárín.

Ọ̀rọ̀ RAM ńkọ́? Inú àwo kan náà ni gíráfíìsì àbínibí àti Word ti ń jẹun. Nígbà tó jẹ́ 8GB kan ṣoṣo ni mo ní, tí Chrome bá ti ṣí ojú ewé mẹ́wàá, mo máa ń rí i bí fèrèsé ṣe ń ta gìrì tí mo bá ń sún un. Mo fi 8GB mìíràn sí ihò kejì, ó dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé RAM pọ̀ sí i nìkan. Bí ó bá ti di méjì, ọ̀nà di méjì, nǹkan bí 34GB ló ń kọjá dípò 17. Nítorí náà 4GB méjì lè sàn ju 8GB kan lọ fún gíráfíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8GB méjì ni mo máa ní kí ẹ ṣe bí ọwọ́ yín bá ká a.

Lórí íǹṣì 27, tí ẹ bá fi 4K sílẹ̀ ní 100%, lẹ́tà á kéré bí ẹ̀yà eèrà. Ẹ fi Scale, tó wà nínú Display settings, sí 150%. Iṣẹ́ tó ń gba ojú ewé náà á dà bíi ti 2560 × 1440, ṣùgbọ́n pixel tó pọ̀ ló ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Àwọn sọ́fúwíà ìṣirò owó tó ti pẹ́ kì í mọ 150%. Wọn a máa fẹ́ lójú bí ẹni tó bọ́ awò. Bí irú rẹ̀ bá ni oúnjẹ yín, ẹ fi í sọ́kàn.

Ohun kan tí HD 520 kò ní ṣe dáadáa: fídíò YouTube tó jẹ́ 4K. VP9 ni wọ́n fi ń ká irú fídíò bẹ́ẹ̀, HD 620 sì ni Intel kọ́kọ́ fún ní ẹ̀yà tó ń tú u pátá. Lórí tèmi, gbogbo ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń bá a jà, fáànù á máa ké. Mo ń wò ó ní 1080p, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Àbí fídíò lẹ bá wá sí ọ́fíìsì?

Láptọ̀ọ̀pù tuntun

Tí tọwọ́ yín bá ti ń kú lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Intel Iris Xe, tó dé ní 2020, àti Ryzen ìgbà yẹn síwájú, 4K jẹ́ eré lọ́wọ́ wọn, fídíò rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: Iris Xe nílò RAM ọ̀nà méjì kó tó jẹ́ Iris Xe. Bí olùtajà bá fi ọ̀kan ṣoṣo sí i, Windows á pè é ní UHD Graphics lásán, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo orúkọ tó wà ní GPU kí ẹ tó sanwó. MacBook Air M1 náà ń gbé mọ́nítọ̀ kan níta, ó lè tó 6K ní 60 Hz. Ẹyọ kan ni o. Ẹni tó bá ń wá méjì, kó yà kúrò níbẹ̀.

Ire tó wà nínú irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni pé, bí mọ́nítọ̀ yín bá ní USB-C tó ń fúnni níná, wáyà kan ṣoṣo á gbé àwòrán lọ, á sì máa gba ṣájì bọ̀. Owó rẹ̀ ni ò ṣeé fẹnu sọ.

Káàdì gíráfíìsì kékeré

Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì lèyí, bó bá jẹ́ pé VGA àti HDMI àtijọ́ nìkan ló ní. GeForce GT 1030 ní HDMI 2.0, 30 wáàtì péré ló ń jẹ, kò nílò wáyà iná lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta GT 710 fún yín nípò rẹ̀ nítorí pé ó rọjú. Ní HDMI, 30 Hz náà ni tirẹ̀ mọ lórí 4K, ẹ ó ti náwó tán, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti wà.

Iná ni mo ṣe ń lọ́ra láti dámọ̀ràn rẹ̀. Ọpọlọ láptọ̀ọ̀pù tèmi jẹ́ ẹ̀yà 15 wáàtì. Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì rẹ̀ á gbà á, mọ́nítọ̀ nìkan ni ínfátà ní láti gbé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì á kú fin-ín, iṣẹ́ tí ẹ ò tíì fi pamọ́ á bá a lọ. Kódà pẹ̀lú láptọ̀ọ̀pù, ẹ ó kọ́kọ́ bínú: bí mọ́nítọ̀ bá ti kú, gbogbo fèrèsé tí ẹ tò kalẹ̀ á rọ́ padà sórí ojú kékeré, á dàrú mọ́ra wọn. Mo so mọ́nítọ̀ mi mọ́ ínfátà nítorí rẹ̀, mo sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jẹ iná jù.

Ẹ tiẹ̀ lè má nílò 4K

Mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tó jẹ́ 2560 × 1440 kò burú rárá. HDMI àtijọ́ ń gbé e ní 60 Hz, Scale ò nílò àtúnṣe, sọ́fúwíà ìṣirò tó ti pẹ́ kò ní fẹ́ lójú, owó rẹ̀ sì sábà rọjú ju ti 4K lọ. Pixel 109 ló wà nínú íǹṣì kan rẹ̀, 163 ló wà nínú ti 4K. Àǹtí kan tó ń ṣe ìwé owó fún àwọn ilé ìwé aládàáni ní Mọdákẹ́kẹ́ ra ọ̀kan nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, Excel méjì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Èmi jókòó sí i fún ìrọ̀lẹ́ kan, mo ka Yorùbá níbẹ̀. Àmì abẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n ní lẹ́tà 10, àmì orí àti àmì abẹ́ lórí ẹ̀ kan náà ṣì ń mú mi súnmọ́ ọn.

Àwọn kan á fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n 4K ṣe é, torí pé ó tóbi. HDMI nìkan ló sábà máa ń ní, ìbọ̀dè active ni ẹ ó fi débẹ̀, lẹ́tà pupa á sì máa ta àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń yí i sí PC. Fún ìpàdé, ó dáa. Fún ẹni tó ń tún ìwé kà, rárá.

Ta ni kó mú èwo

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ títẹ Yorùbá, ṣíṣàtúnṣe jọ́nà, tàbí ohunkóhun tí àmì kékeré lè sọ oko di ọkọ, ẹ mú 4K íǹṣì 27, ẹ lo láptọ̀ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ní DisplayPort tàbí USB-C tó ń gbé àwòrán, ẹ fi RAM méjì sí i. Oníṣirò owó àti akọ̀wé ilé ìwé, ẹ mú 1440p, ìyẹn 2560 × 1440. Ẹni tí HDMI 1.4 nìkan wà lára ẹ̀rọ rẹ̀, tí owó sì há, òun náà á jèrè 1440p ju 4K tó ń wọ́ lọ. Ẹni tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ ṣì lágbára, kó bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kó tó ra GT 1030. Ó lè jẹ́ pé DisplayPort ti ń dúró dè é níbẹ̀. Láptọ̀ọ̀pù tuntun, ó dìgbà tí ti àná bá kú.

Ẹ̀yin tó bá sì ń lọ rà á lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé láptọ̀ọ̀pù yín àti wáyà yín dání. Ẹ ní kí wọ́n tan mọ́nítọ̀, ẹ wọ Advanced display, kí ojú yín sì rí 60 Hz kí ẹ tó ka owó.